Bí ẹ ṣe lè dá ẹgbẹ́ ojúgbà sílẹ̀ fún olùwádìí tuntun tó ń wo ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè

Ìwádìí nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ lọ kàwé níbòmíràn kò ní ilé kan pàtó ní yunifásítì. Ẹnìkan ń ṣe é ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn ń ṣe é ní ẹ̀ka ìmọ̀ èdè, àwọn mìíràn wà ní sáíkọ́lọ́jì, jọ́gíráfì, sosiọ́lọ́jì, títí dé ẹ̀ka ọrọ̀ ajé àti ti ìlera. Àwọn tí ìwádìí náà dá lé lórí kò kéré: UNESCO ka iye wọn ju mílíọ̀nù 6 lọ káàkiri àgbáyé. Jọ́nà tó jẹ́ tiwọn náà wà, Journal of Studies in International Education láti 1997, Journal of International Students láti 2011. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lè lo ọdún mẹ́ta mẹ́rin gbáko láì rí ẹnìkan nínú ẹ̀ka rẹ̀ tó ti ka irú ìwé tí òun ń kà. Alábòójútó rẹ̀ lè mọ tíọ́rì dunjú, kó mọ ìṣirò dunjú, àmọ́ kó má mọ ìdí tí gbólóhùn kan péré nípa "akẹ́kọ̀ọ́ láti Éṣíà" fi lè mú kí aṣàyẹ̀wò jọ́nà dá odindi iṣẹ́ padà.

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ojúgbà ti wúlò. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó sì kú kí ọdún tó yí po, mo sì ti rí àwọn kékeré tí kò pariwo tó gbé ọmọ ẹgbẹ́ wọn dé ìparí oyè. Ní tèmi, ohun kan ló ya wọ́n sọ́tọ̀: nínú àwọn tó dúró, èèyàn lè gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí, tó ṣì rí jágbajàgba, síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ibẹ̀ ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e yìí forí lé.

1. Ẹ pinnu ẹni tó máa wọlé

Ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ àdéhùn ọdún kan tàbí méjì náà wà níbẹ̀, àti olùkọ́ tí wọ́n ń san owó wákàtí fún. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó ń ṣèwádìí mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ o. Òun ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí físà akẹ́kọ̀ọ́ bá pẹ́, tàbí tí owó ilé-ìwé bá há sí báńkì, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ ju ohun tí olùkópa sọ fún wa lọ.

Àwọn àjọ tó ń fún olùwádìí lówó ní iye ọdún tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró. Ètò DECRA ti ìjọba Ọsirélíà ti fi tirẹ̀ sí ọdún 5 lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì máa ń yọ àkókò ìbímọ àti àìsàn kúrò nínú ìṣirò. Ètò Marie Skłodowska-Curie ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi tirẹ̀ sí ọdún 8. Owó ni wọ́n fi ń pín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé e. Ẹ̀yin kò pín owó, ẹ má fi iye ọdún dí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣì ń wá ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ojúgbà yín ni.

Ibi kan wà tí ó yẹ kí ẹ le: ọ̀gá àti ẹni tí ọ̀gá náà ń bójú tó kò gbọdọ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Bí ẹni tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí nígbà tí èèyàn bá ń wá iṣẹ́ bá jókòó síbẹ̀, ta ló máa fi ojú ìwé tó dàrú hàn? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lè wá gẹ́gẹ́ bí àlejò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti ní ìbéèrè kan pàtó tí ẹ pè wọ́n fún, kí wọ́n sì lọ lẹ́yìn ìdáhùn.

Ní ti iye, ẹni 5 sí 8 ló dára jù. Bí ẹ bá dín sí 5, ọjọ́ tí ẹni méjì bá ní ìwé ìdánwò láti máàkì, ìpàdé tú nìyẹn. Bí ẹ bá ju 8 lọ, ó máa pẹ́ kó tó kan èèyàn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni 8 tó ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, oṣù 4 ni yóò gbà kí iṣẹ́ olúkúlùkù tó kan lẹ́ẹ̀kan. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíràn á ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà kí ẹ tó rí i.

2. Ẹ wá wọn níbi tí wọ́n wà

Ìkéde gbogboogbò máa ń kó èèyàn rẹpẹtẹ jọ, àwọn tó máa kàwé wá sípàdé nínú wọn kì í pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ẹ ń kà lọ́wọ́. Ẹ wo àpilẹ̀kọ ọdún méjì sẹ́yìn tí ẹ ti fa ìlà sí lábẹ́ jù, kí ẹ wo ẹni tó jẹ́ pé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ló bí àpilẹ̀kọ náà. Ẹ wo àwọn ìwé oyè tí yunifásítì ń tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé ẹni náà lórí ORCID, ìyẹn ibi tí àwọn olùwádìí ti ń forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá ní, yóò fi ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí hàn yín.

Àpérò ni ọ̀nà kejì. Comparative and International Education Society, tó ti wà láti 1956, ní ìgbìmọ̀ kan fún àwọn olùwádìí tuntun. Society for Research into Higher Education ní Ìlú Ọba, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, máa ń ṣe àpérò tó jẹ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá lọ sí irú rẹ̀, ẹ jókòó síbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kékeré, tí àwọn olùgbọ́ kò ju mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá béèrè ìbéèrè tó dára níbẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń béèrè àti ìgbà tó máa parí. Èyí lè jẹ́ àpẹẹrẹ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Èmi náà ń fọ̀rọ̀ wá irú wọn lẹ́nu wò, ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni mo ń wò ní tèmi. Àwa mẹ́ta fẹ́ máa pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì lóṣù fún wákàtí kan, kí ẹnìkan máa gbé ojú ìwé mẹ́ta tí kò tíì parí wá nígbà kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́rin la fẹ́ fi dán an wò. Ṣé ẹ máa bá wa dá sí i? Bí àyè kò bá sí, kò sí wàhálà rárá."

Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ẹ bá kó jọ yàtọ̀ síra. Bí gbogbo yín bá jẹ́ ẹlẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè, ìṣòro èdè nìkan ni ẹ ó máa rí nínú iṣẹ́ gbogbo ènìyàn. Ẹni tó mọ òfin físà, ẹni tó mọ ìṣirò, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fetí sí ìtàn ìgbésí ayé, tí wọ́n bá jókòó pọ̀, igun tí ẹnìkan kò lè dá rí á hàn.

3. Ẹ jọ fẹnu kò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ìpàdé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ní iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lórí tábìlì. Àdéhùn ni kí ẹ fi ṣe, ojú ìwé kan péré, kí gbogbo yín jọ kọ ọ́. Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí, torí pé ibí ni ẹgbẹ́ ti ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan gbèrò ibi.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkópa ló ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó síwájú yín tó sọ bí wọ́n ṣe fi ẹ̀yà rẹ̀ bú u, tàbí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ju iye wákàtí tí físà rẹ̀ gbà lọ, ẹ̀yin ló sọ fún. Ìwé ìfọwọ́sí tó buwọ́ lù kò dárúkọ ẹgbẹ́ yín. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò gbọdọ̀ wọ inú fódà ẹgbẹ́, ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, orúkọ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu. Yíyọ orúkọ nìkan kò sì tó nínú irú ìwádìí tiwa. Bí ẹnìkan bá sọ pé "obìnrin kan tó wá láti orílẹ̀-èdè kékeré báyìí, tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ní yunifásítì báyìí," ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà bá mu. Orílẹ̀-èdè, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ọdún, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, wọ́n ti di orúkọ. Ẹ yọ ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn, tàbí kí ẹ gbé agbègbè ńlá rọ́pò orílẹ̀-èdè. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù, òfin ni èyí pẹ̀lú: òfin ìdáàbòbò dátà wọn, GDPR, ti múlẹ̀ láti ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2018, ó sì ka dátà tó lè tọ́ka sí ènìyàn sí ti ẹni náà, kódà bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa nílò kí ojúgbà bá yín ka apá kan nínú ọ̀rọ̀ àwọn olùkópa, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí olùkópa lè mọ̀ kó tó buwọ́ lù ú.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn. Ohun tí a bá sọ nípa ọ̀gá, nípa ilé-iṣẹ́, nípa ìwé tí jọ́nà dá padà, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ẹ má ya àwòrán ojú fóònù kúrò nínú WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ má gba ìpàdé sílẹ̀. Ẹ má sì gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn sínú ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá kankan pé kó bá yín ké e kúrú, àyàfi tí ẹni tó ni ín bá ti fọwọ́ sí i.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni èrò. Èyí máa ń dá ìjà sílẹ̀ tí kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹnìkan sọ ohun kan ní ìpàdé, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ó rí i nínú àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn. Ẹ lè fi ìlànà ICMJE, ìgbìmọ̀ àgbáyé ti àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, ṣe òṣùwọ̀n. Ohun mẹ́rin ló béèrè lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé: kó ti kópa gidi nínú bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ tàbí nínú dátà rẹ̀, kó ti bá wọn kọ ọ́ tàbí tún un ṣe, kó fọwọ́ sí èyí tó jáde kẹ́yìn, kó sì gbà láti jíhìn fún un. Ẹni tó fún èèyàn ní ìmọ̀ràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò dé ibẹ̀, ibi ìdúpẹ́ ni orúkọ tirẹ̀ máa wà. Bí ìmọ̀ràn náà bá di odindi apá kan nínú àpilẹ̀kọ, ẹ padà lọ bá ẹni náà, kí ẹ béèrè bóyá ó fẹ́ jọ kọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá jọ ń kọ̀wé, àkójọ CRediT, tó pín iṣẹ́ òǹkọ̀wé sí ipa 14, á jẹ́ kí ẹ kọ ipa olúkúlùkù sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di àríyànjiyàn.

Ohun tó kù ní ìpàdé àkọ́kọ́ ni kí olúkúlùkù sọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí nípa wọn. Ẹ ó rí i pé ẹ kò sọ̀rọ̀ nípa èèyàn kan náà. UNESCO àti OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé, ya akẹ́kọ̀ọ́ tó ré kọjá ààlà nítorí ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni kejì yìí lè ti gbé níbẹ̀ láti kékeré. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kò sì ní ìṣirò mìíràn ju ti ìwé ìrìnnà lọ. Ẹlòmíràn nínú yín ń wo àwọn tó wá fún sẹ́mẹ́sítà kan péré, ẹlòmíràn ń wo àwọn tó wà ní ẹ̀ka tí yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè kọ́ sí ìlú wọn, tí wọn kò kúrò nílé rárá. Ẹ fi ìṣẹ́jú 20 ṣe èyí. Yóò gbà yín lọ́wọ́ àìgbọ́ra-ẹni-yé fún gbogbo ìyókù oṣù mẹ́rin náà.

4. Ẹ ṣètò àkókò

Bí gbogbo yín bá wà ní ìlú kan, ẹ fo apá yìí.

Bí ẹ bá wà káàkiri, ẹ máa kọ àkókò ní UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo àgbáyé, kí olúkúlùkù yí i sí tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà, agogo 1 ọ̀sán UTC jẹ́ agogo 6 òwúrọ̀ ní Vancouver, agogo 2 ọ̀sán ní London, agogo 9 alẹ́ ní Beijing, agogo 11 alẹ́ ní Sydney. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fara gbá a. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnìkan náà nígbà gbogbo: ẹ ní àkókò méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ ṣọ́ra fún yíyí aago pẹ̀lú. Amẹ́ríkà máa ń yí tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta, Yúróòpù dúró di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù náà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹnìkan á máa dé ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà àti Éṣíà kì í yí aago rárá.

Zoom tí a kò sanwó fún máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Ẹ lo ti yunifásítì ẹnìkan nínú yín, tàbí kí ẹ ṣí ìlà tuntun.

Ètò ìpàdé fúnra rẹ̀ rọrùn. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ẹni tó kàn fi ojú ìwé mẹ́ta ránṣẹ́, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo lókè rẹ̀. "Ẹ bá mi wò ó" kì í ṣe ìbéèrè. "Ṣé ọ̀nà tí mo gbà yan olùkópa bá ohun tí mo ń sọ ní ojú ìwé kejì mu?" ni ìbéèrè. Ní ìpàdé, ìṣẹ́jú 5 fún kíkí ara ẹni. Lẹ́yìn náà, àwọn tó kà á sọ ohun tí wọ́n rí fún ìṣẹ́jú 20, tí ẹni tó kọ ọ́ kò ní fèsì, tó kàn ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó máa ń ro ni lára láti dákẹ́, àmọ́ ìgbà tí a bá ń gbèjà iṣẹ́ wa, a kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìgbà yẹn ló kan òun láti sọ̀rọ̀, fún ìṣẹ́jú 20 mìíràn. Kó tó tán, ó sọ ohun kan tó máa ṣe kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

5. Ẹ mọ bí a ṣe ń ka iṣẹ́ ara ẹni

Ọ̀rẹ́ lè bá èèyàn tún àmì ohùn àti gírámà ṣe. Ohun tí ojúgbà nínú ìwádìí yìí lè rí tí ẹlòmíràn kò lè rí ni ojú tí a fi ń wo akẹ́kọ̀ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí tó pọ̀ ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kalẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kù díẹ̀ káàtó fún: èdè rẹ̀ kò dán, kò mọ bí a ṣe ń ronú jinlẹ̀, kò lè bá àyíká tuntun mu. Ní 2007, Jenny Lee àti Charles Rice fi hàn láti inú ìwádìí wọn ní Amẹ́ríkà pé apá kan nínú ìṣòro tí à ń dì ru akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á lálejò, nínú bí wọ́n ṣe ń fi ibi tó ti wá àti àṣà rẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Ní 2014, Simon Marginson, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ gíga, gbà wá nímọ̀ràn pé ká wo akẹ́kọ̀ọ́ náà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìgbésí ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ọwọ́ bá dí tí ọjọ́ sì ti súnmọ́lé, ojú àtijọ́ náà máa ń yọ́ padà wọ inú gbólóhùn wa láì jẹ́ ká mọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ojú ẹlòmíràn ló máa rí i.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Éṣíà kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì nítorí àṣà wọn." Bí ojúgbà yín bá kọ ọ́, ohun tí ẹ lè béèrè rèé. Éṣíà wo? Orílẹ̀-èdè mélòó ni àwọn olùkópa ti wá, ṣé àṣà kan náà ni wọ́n ní? Ta ló sọ pé àṣà ni ó fà á, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni àbí olùkọ́? Báwo ni olùkọ́ ṣe ń pín ọ̀rọ̀ sísọ ní kíláàsì náà? Ṣé wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ onílé tí kì í sọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wò? Lẹ́yìn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, gbólóhùn náà lè di: "Mẹ́jọ nínú àwọn olùkópa sọ pé àwọn máa ń dákẹ́ nígbà tí olùkọ́ kò bá fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè, mẹ́ta sọ pé wọ́n ti fi ohùn àwọn rẹ́rìn-ín rí." Dátà kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ti fetí sí i.

Àwọn ìbéèrè mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ máa gbé wá ni ìwọ̀nyí. Ní èdè wo ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà wáyé, ta ló sì tú u? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ onílé ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àwọn yòókù, kí nìdí? Owó dà? Iye tí wọ́n san fún ilé-ìwé, ẹ̀tọ́ àti ṣiṣẹ́, ohun tí físà gbà láyè, ṣé wọ́n wà nínú ìtàn yìí àbí gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà àti ìmọ̀lára? Ta ni kò sí láàárín àwọn olùkópa: ẹni tó ti kúrò nílé-ìwé, ẹni tó wá pẹ̀lú ọmọ, ẹni tí kò ráyè dáhùn ímeèlì nítorí iṣẹ́ alẹ́? Lẹ́yìn ìdáhùn, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà máa rí gbà nínú ìwádìí tó gba wákàtí kan lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ máa sọ ohun tó dára nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. "Ó dára gan-an" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Ojú ìwé kejì yìí ni mo ti kọ́kọ́ lóye ìdí tí ilé gbígbé fi ṣe pàtàkì" jẹ́ ohun tí èèyàn lè mú padà sídìí iṣẹ́.

6. Ẹ jọ gbé ẹrù tó wà lọ́kàn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè rí, tàbí tó ṣì jẹ́ ẹ báyìí. A ń gbọ́ ìtàn ẹni tí físà rẹ̀ fẹ́ parí nígbà tí tiwa náà fẹ́ parí. A ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó dá nìkan wà ní ilẹ̀ àjèjì jáde, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, ní òru, ní yàrá tí àwa náà dá wà. Ẹni tó bá sọ pé èyí kì í wọni lára kò tíì ṣe é. Ìwé ìlànà ìwádìí máa ń dáàbò bo olùkópa, àfiyèsí tó ń fún olùwádìí kì í pọ̀.

Nítorí náà, ẹ pín ara yín ní méjì-méjì. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó le, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ ṣáájú, kí ẹnìkejì sì pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Wọn kò ní sọ ohun tí olùkópa sọ, ohun tó ṣe olùwádìí náà ni wọn ó sọ: "Ara mi ń gbọ̀n," "Mi ò lè sùn," "Ó rán mi létí ọdún àkọ́kọ́ mi." Ẹ má sì fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjì tó le sí ọjọ́ kan náà bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́.

Ààlà wà. Ojúgbà kì í ṣe oníṣègùn ọkàn. Ní ìpàdé kejì, kí olúkúlùkù wá nọ́ńbà ibi ìgbaninímọ̀ràn ní yunifásítì tirẹ̀ àti nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú tó wà, kó kọ ọ́ sí ojú ìwé kan tí gbogbo yín lè rí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni nílò rẹ̀. Bí olùkópa bá sọ ohun tó fi hàn pé ẹ̀mí òun tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu, alábòójútó àti ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ti là sílẹ̀ ni ẹ ó gbà, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má gbé e wá sí WhatsApp ẹgbẹ́.

Ìwé tí jọ́nà dá padà náà wà nínú ẹrù yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n dá tirẹ̀ padà ka lẹ́tà náà sókè ní ìpàdé, kí ẹ jọ ya ọ̀rọ̀ tó wúlò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn dun ni. Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn aṣàyẹ̀wò ń béèrè ohun kan náà, ẹni tó kù á sì ti mọ̀ ọ́n kó tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́.

7. Ẹ mú un dúró, kí ẹ sì mọ ìgbà tó tó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo máa ṣètò. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà jù, tó sì jẹ́ pé obìnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà, ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ máa yí i po ní oṣù méjì-méjì: ẹnìkan ló ń ránni létí, ẹnìkan ló ń wo aago, ẹnìkan ló ń tọ́jú fódà. Àdéhùn iṣẹ́ wa kúrú, ẹlòmíràn á kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn láàárín ọdún, nítorí náà kí ohun gbogbo wà ní ibi tí ẹlòmíràn lè ti gbà á. Ẹ fi ímeèlì tara ẹni ṣe é, nítorí ti yunifásítì máa ń kú nígbà tí àdéhùn bá parí.

Iṣẹ́ àjọṣe dára bó bá kéré. Ìjókòó kan ní àpérò, tí ẹni mẹ́rin nínú yín gbé àpilẹ̀kọ wá sí, ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, torí pé ọjọ́ rẹ̀ ti wà lórí kàlẹ́ńdà, ẹlòmíràn ló sì ń ṣètò yàrá. Ẹ má fi ìwé ńlá bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé ìwé ńlá tí wọ́n fẹ́ jọ ṣe ló tú wọn ká.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin bá pé, ẹ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ má béèrè ní gbangba: ṣé kí a tẹ̀ síwájú? Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ pẹ̀lú ọpẹ́. Bí ẹnìkan bá ti di ẹni tó ń gba àwọn yòókù síṣẹ́ tàbí tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé wọn, àkókò ti tó kó di àlejò. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá kúrò, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fódà lọ́jọ́ náà, kí òun náà pa gbogbo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́, kó sì kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ pé òun ti ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan ẹni tí ojú ìwé mẹ́ta rẹ̀ kàn, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i.